Ọdún Tí Wọ́n Ní Mo Da Wèrèpè Sórí Àga Tíṣà

Ìró àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ láyé ni ìró bùtà àlùwàlá Bàbá Àgbà lórí kọnkéré ẹ̀yìn ilé wa l'Ọ́fà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìgbálẹ̀ ìyá mi, ṣáá, ṣáá, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí igi máńgòrò. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tán, ẹ̀rọ ìlọta àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ ariwo tirẹ̀, àwọn ọlọ́kadà á máa sáré gba iwájú ilé wa lọ sọ́nà rélùwéè. Ìyá Àgbà kì í pariwo láàárọ̀ ní tiwọn. Orí àpótí ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á máa bó ànàmọ́, ànàmọ́ tí à ń jẹ láàárọ̀, tí à ń jẹ lálẹ́, tí wọ́n tún ń gún mọ́ iyán bí iṣu bá wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ fi ànàmọ́ bú ọmọ Ọ̀fà, kó máa bú u lọ, àwa la mọ adùn tó wà níbẹ̀. Ilé wa ò tóbi: Bàbá Àgbà tó bí bàbá mi, Ìyá Àgbà, ìyá mi, èmi àtàwọn àbúrò mi. Bàbá mi ń wa tírélà lọ sókè Ọya, ó lè pẹ́ gan-an ká tó fojú kàn án. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà ni òfin, ìyá mi sì jẹ́ ìyàwó ilé tí ọkọ rẹ̀ ò sí nílé. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ìyẹn ṣe ń rí.

Òfin kan wà nílé wa tó ju gbogbo òfin yòókù lọ. Bí àgbà bá ń bínú sí ẹ, kúnlẹ̀ ná. Má ṣàlàyé, má wojú wọn, má sọ pé kì í ṣe ìwọ. Kúnlẹ̀, kó o ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Bí inú wọn bá rọ̀, bóyá lọ́la, bóyá lọ́tùnla, o lè wá sọ tẹnu ẹ. Ìyá Àgbà a máa ní, "Ọmọ tó ń dá àgbà lóhùn, ẹgba ló ń ránṣẹ́ pè." Mo rántí ọjọ́ kan tí ewúrẹ́ aládùúgbò jẹ èlùbọ́ tí a sá síta. Èmi ò sí nílé, ilé kéwú ni mo wà. Àmọ́ bí mo ṣe wọlé tí mo gbọ́ tí Ìyá Àgbà ń sọ̀kò ọ̀rọ̀, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní kí n dìde, ó parí. Kò sẹ́ni tó rò pé èmi ni mo jẹ èlùbọ́. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nìyẹn. Nílé tiwa, ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ìjẹ́wọ́, omi tí à ń bù síná ni. Gbogbo ayé ń pariwo pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àmọ́ nílé wa o, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnikẹ́ni jà. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ka ẹ̀bẹ̀ bí a ṣe ń kà á.

Kíláàsì kẹfà ni mo wà lọ́dún náà, ọdún tí a ó ṣe ìdánwò àtiwọ Sẹ́kọ́ńdírì. Tíṣà wa ni Mísìsì Oyèlárán, obìnrin pupa kan, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tí kì í fọ̀rọ̀ ṣeré, tó sì mọ ìṣirò í kọ́ débi pé ọmọ tí orí rẹ̀ le jù lọ á gbọ́ ọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn burúkú ló ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Èmi ni mo máa ń gbálẹ̀ kíláàsì láràárọ̀ Mọ́ńdè. Lọ́jọ́ tí mò ń wí, mo gbálẹ̀ tán, mo nu pátákó, àwọn yòókù dé, Mísìsì náà wọlé, wọ́n jókòó sórí àga wọn, àga onípákó tí wọ́n so tìmùtìmù mọ́ kí ìdí má baà máa dùn wọ́n. Wọn ò tíì pe orúkọ wa tán tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í sún ìdí sọ́tùn-ún, sún un sósì. Wọ́n dìde, wọ́n tún jókòó. Ìgbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n figbe ta, wọ́n sáré jáde, a sì ń gbọ́ ohùn wọn láti ilé ìyàgbẹ́ àwọn tíṣà, tí wọ́n ń bẹ ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí pé kó bá àwọn bu omi wá. Àwọn ọmọ kan rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín, Ọlọ́run gbọ́. Tíṣà kíláàsì karùn-ún ló wá gbé àga náà síta, ó tẹjú mọ́ tìmùtìmù nínú oòrùn, ó ní, "Wèrèpè nìyí." Ẹni tí wèrèpè ò bá kàn rí ò lè mọ̀. Èso igbó ni, ara rẹ̀ kún fún irun wẹ́wẹ́, bí irun náà bá bà lé èèyàn, onítọ̀hún á họra títí ara á fi bó.

Nígbà tí Mísìsì padà wọlé, ojú wọn ti pọ́n, wọn ò sì lè jókòó mọ́. Wọ́n ní, "Ta ló gbálẹ̀ lónìí?" Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní kí n bọ́ síwájú. "Rísíkátù, mo nà ọ́ ní Jímọ̀ torí pé o ò mú àdá wá fún iṣẹ́ oko. Àbí mi ò nà ọ́?" Mo ní, "Ẹ nà mí, mà." "Bàbá bàbá rẹ ní oko lọ́nà Ojoku, níbi tí wèrèpè pọ̀ sí, àbí wọn ò ní?" Mo ní, "Wọ́n ní, mà." Wọ́n fa kọ́là mi wálẹ̀. Àpá ìhọra wà lọ́rùn mi láti ìparí ọ̀sẹ̀. Ìyá mi ti fi epo pa á, ó ní ọyẹ́ ló ń gbẹ mí lára. Mísìsì yíjú sí kíláàsì, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Ẹni da eérú leérú ń tọ̀." Kí ni mo wá ṣe? Ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé ni mo ṣe. Mo kúnlẹ̀, mo dojú kọlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú mà, ẹ ṣàánú mi." Mo gbọ́ tí ọmọ kan lẹ́yìn mi sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Òun ni."

Hẹdimásítà ò bi mí ní nǹkan kan. Ohun tí Mísìsì sọ fún un ni pé mo ti jẹ́wọ́. Ó ní kí n mú òbí mi wá lọ́jọ́ kejì, pé bó bá di àsẹ́ńbílì Jímọ̀, wọn ó nà mí lójú gbogbo ilé-ìwé, wọn ó sì lé mi lọ, mi ò ní bá wọn ṣèdánwò. Ó ní kí n lọ kúnlẹ̀ nídìí òpó àsíá títí wọn ó fi jáde. Nígbà tí wọ́n jáde, àwọn ọmọ ń kọjá lára mi, wọ́n ń pè mí ní Rísí Wèrèpè. Àwọn tí a jọ ń jẹ gúgúrú nínú ọ̀rá kan náà ń yà fún mi kí n má baà fara kàn wọ́n. Ọ̀nà ilé tí mò ń fò lójoojúmọ́, mo rìn ín lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tí wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mi ò lè jẹun. Ànàmọ́ tútù sínú abọ́ níwájú mi, ìyá mi sì ń wò mí. Kò pariwo, kò ní kí n kúnlẹ̀. Ó pè mí wọ yàrá, ó ní, "Kí ni wọ́n ṣe fún ẹ?" Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó dákẹ́ títí mo fi sọ ọ́ tán, lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, "Ṣé ìwọ lo ṣe é?" Mo ní, "Rárá, Màámi." Títí di ìsinsìnyí tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, bí mo bá rántí ìbéèrè yẹn, omi á lé sí mi lójú. Tíṣà ò béèrè, Hẹdimásítà ò béèrè. Òun nìkan ló béèrè lọ́wọ́ mi, tó sì dúró gbọ́ èsì.

Lẹ́yìn ìrun Mọ̀ngàríbì, ó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú Bàbá Àgbà. Bàbá ń ka tẹ̀súbáà wọn, wọn ò dá a dúró. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ò gùn. A ó lọ bẹ̀bẹ̀."

Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ náà ní òun ò ṣe é."

"Ta ló bi í bóyá ó ṣe é? Ara ń yún èèyàn, inú ń bí i. Tá a bá bẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ á rọ̀. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú ṣe, áńbọ̀sìbọ́sí tíṣà tó ń kọ́ni lọ́mọ."

"Tá a bá bẹ̀ wọ́n, wọn ó ní ó ṣe é ni, sà."

Ìyá Àgbà fi ọ̀bẹ tí wọ́n mú lọ́wọ́ sílẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá Rísí, ó tó." Ìyá mi fojú kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Ó dìde, ó wọlé lọ. Ó so ìborùn mọ́rí, ó sì jáde padà. Ó fà mí lọ́wọ́, a jọ lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó máa ń fi fóònù ṣòwò lábẹ́ agbòjò ní ìkòríta, ó pe bàbá mi. Ohùn bàbá mi ń já, ó ń so. Ìyá mi sọ ọ́, ó tún un sọ, gbogbo ohun tí mo sì gbọ́ nínú fóònù náà ni, "Ẹ ṣáà bá mi bẹ tíṣà yẹn." Ó já pátápátá. Ìyá mi dúró síbẹ̀, fóònù ṣì wà létí rẹ̀. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà ju ti àárọ̀ lọ, nítorí mo ti rò pé kò sí ohun tí ìyá mi ò lè yanjú, mo sì wá rí i pé kò mọ ohun tó máa ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Àgbà ò padà sílé láti mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn Àsùbáà. Ìyá Àgbà ní wọ́n ní ibì kan tí wọ́n fẹ́ yà. Èmi àti ìyá mi fẹsẹ̀ rìn lọ sílé-ìwé, a sọdá ojú irin. Nígbà tí a wọ ọ́fíìsì, Hẹdimásítà dìde kí ìyá mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Mísìsì Oyèlárán wà lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọn ò tíì lè jókòó. Hẹdimásítà ní, "Ìyá Rísí, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀. Bàbá ti wá sílé mi láàárọ̀ yìí. Àgbàlagbà bíi tiwọn dọ̀bálẹ̀ fún mi, ojú tì mí. Wọ́n ní ká fi ọ̀ràn náà jì í. Mo ti gbà. A ò ní lé e lọ mọ́, á bá wọn ṣèdánwò. A óò kàn nà án díẹ̀ lójú àsẹ́ńbílì, á sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Mísìsì. Ó parí."

Kí n má parọ́, inú mi dùn. Ẹgba díẹ̀ lójú àsẹ́ńbílì, kí ló wà níbẹ̀? Mo ti ń ká orúnkún mi láti kúnlẹ̀. Ìyá mi fọwọ́ mú mi ní apá, ó gbé mi dúró. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run á bá wa da yín sí. Àmọ́ ọmọ mi ò ní tọrọ àforíjì."

Hẹdimásítà rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Ó ní, "Ìyá Rísí, bàbá yín ti bẹ̀bẹ̀."

"Bàbá bẹ̀ yín torí pé inú ń bí yín ni, sà. Wọn ò bẹ̀ yín torí pé ọmọ wa ṣe é. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe nílé wa. Bí ẹ bá lọ sílé wa báyìí tẹ́ ẹ ní ewúrẹ́ wa bú yín, wọn ó kọ́kọ́ bẹ̀ yín ná."

Mísìsì Oyèlárán sọ láti ibi fèrèsé pé, "Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ fún mi. Ó ní kí n ṣàánú òun."

"Mà, ṣé ẹ bi í bóyá òun ló ṣe é?" Mísìsì yíjú sí fèrèsé. Ìyá mi wá kọjú sí mi. Ìyá mi tí mi ò rí i kó wo ojú Bàbá Àgbà rí láyé mi, ó ní, "Gbé ojú sókè. Wo ojú tíṣà ẹ, kó o sọ ohun tó o mọ̀." Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ẹ má rò pé ó rọrùn. Mo gbé ojú sókè, ọrùn mi wúwo, mo ń retí ìgbátí. Mo ní, "Mi ò ṣe é, mà." Ohùn mi kéré débi pé wọ́n ní kí n tún un sọ.

"Ọrùn rẹ ńkọ́?" ni Mísìsì bi mí. Ìyá mi ló dáhùn. Ó ní láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ lòun ti ń fi epo pa ọrùn náà, òun rò pé ọyẹ́ ni. Ó ní, "Mà, ọjọ́ wo ni àga yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yún yín?" Mísìsì ní Mọ́ńdè ni. Ìyá mi wò mí, mo rí i pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú kàn án ni. Ó ní, "Kí ni wọ́n ní kó o ṣe ní Jímọ̀?" Mo ní wọ́n nà mí torí àdá, wọ́n sì ní níwọ̀n bí mi ò ti ní àdá, ẹrù ni kí n máa gbé. Èmi ni mo ru àga Mísìsì wọlé nígbà tí iṣẹ́ parí, orí ni mo gbé e lé, tìmùtìmù rẹ̀ sì ń bà mí lọ́rùn. Hẹdimásítà ní, "Kí ni àga ń wá níta?" Ìgbà yẹn ni Mísìsì Oyèlárán fọwọ́ lé orí. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá ọ̀nà nínú òkùnkùn. "Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e síta fún mi, sẹ́bàá wáyà tó yí ilé-ìwé ká, níbi táwọn ọmọkùnrin ti ń ṣán igbó. Mi ò jókòó síbẹ̀, sà. Ẹ ránṣẹ́ pè wá sí mítìn."

A jọ rìn lọ síbẹ̀. Ìtàkùn wèrèpè tí àwọn ọmọkùnrin ṣán lulẹ̀ ní Jímọ̀ ṣì wà nídìí wáyà, ó ti gbẹ, èso rẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ ń so rọ̀ lára èyí tí àdá ò kàn. Hẹdimásítà na ọwọ́ sí i. Mísìsì fa apá aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án, sà." Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì fẹ́, gbogbo wa sún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó da wèrèpè sórí àga ẹnikẹ́ni. Hẹdimásítà wúkọ́, ó ní ọ̀rọ̀ ti yanjú, ká máa lọ sílé ní àlàáfíà. Ìyá mi ní, "Ojú àwọn ọmọ ni wọ́n ti pè é lórúkọ burúkú, sà. Ojú wọn náà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti sọ pé kì í ṣe òun." Mísìsì Oyèlárán ló dáhùn, wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ni àwọn máa sọ ọ́. Wọ́n sì sọ ọ́ ní Jímọ̀, níwájú gbogbo àsẹ́ńbílì, pẹ̀lú ojú tó pọ́n. Àwọn ọmọ ṣì ń pè mí ní Rísí Wèrèpè fúngbà díẹ̀, ẹ mọ bí ọmọdé ṣe ń ṣe, àmọ́ ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe nígbà yẹn.

Àmọ́ Jímọ̀ ò tíì dé. Ilé la kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dé, Bàbá Àgbà sì wà nílé. Bí a ṣe ń sún mọ́lé ni ìrìn ìyá mi ń fà sẹ́yìn. Ìyàwó ilé ti sọ níwájú ará ìta pé ẹ̀bẹ̀ bàbá ọkọ òun ò ní ìtumọ̀ tí wọ́n fún un. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti lé obìnrin jáde nílé ọkọ rí, mo sì ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà. Mo wá ń rò ó pé bí wọ́n bá lé ìyá mi padà sí Ilemona, ìlú tí wọ́n ti bí i, èmi ni mo fà á. Ní báyìí tí èmi náà ti lọ́mọ, bí mo bá bá àwọn ọmọ mi wí, àlàyé ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe fún mi, wọ́n á máa wò mí lójú kòró. Inú á bí mi burúkú, màá fẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà ni màá rántí ìyá mi lójú ọ̀nà yẹn, tó ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe, tó tún ń tú u, màá sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán.

Bàbá Àgbà wà lábẹ́ máńgòrò, fìlà tí wọ́n dé lọ sílé Hẹdimásítà ṣì wà lórí wọn. Ìyá mi kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀, kò fi ibì kankan pamọ́, títí kan ohun tó sọ nípa ẹ̀bẹ̀ wọn. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú." Ìyá Àgbà dẹ́kun ohun tí wọ́n ń ṣe.

"Kí lo ṣe?" ni Bàbá bi í.

"Mo tako ọ̀rọ̀ yín lójú ará ìta, sà."

"Irọ́ lo pa?"

"Rárá, sà."

"Ọmọ náà ṣe é?"

"Kò ṣe é, sà."

"Kí lo wá ń bẹ̀ mí sí?"

Bàbá ní kó dìde. Kò kọ́kọ́ dìde, ó rò pé ìbínú ni. Wọ́n tún un sọ, wọ́n ní, "Dìde, Ìyá Rísí." Ó dìde. Bàbá ṣí fìlà wọn, wọ́n gbé e lé orúnkún. Wọ́n ní, "Èmi ni mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọkùnrin tí mo lè bí, lórí ohun tí ọmọ mi ò ṣe, tí mi ò tiẹ̀ bi í léèrè." Wọ́n wá na ọwọ́ sí mi pé kí n súnmọ́ àwọn. Oríkì mi ni wọ́n fi pè mí, èyí tí wọn kì í pè àfi lọ́jọ́ ọdún. Wọ́n ní, "Àjíkẹ́, má bínú sí mi."

Mo wo ìyá mi, ó ń wo ilẹ̀. Mo wo Ìyá Àgbà, wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo ohun tí ọmọdé ń ṣe bí àgbà bá ń bínú ni wọ́n ti kọ́ mi nílé yẹn, kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ohun tó ń ṣe bí àgbà bá ń bẹ̀ ẹ́. Mo dúró síbẹ̀ níwájú wọn, mi ò sì mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe, ni mo bá kúnlẹ̀.